Apá Ẹkún Ìyàwó Tí N Kò Sun

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Bàrígà kì í ṣe omi ọ̀sà, kì í sì í ṣe ariwo. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé èèyàn lè sùn níbẹ̀, kó jí, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ṣé ó jí. Ní ilé wa lẹ́bàá Ṣakí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn kì í jẹ́ kí o bọ́jú tán. Ará ilé á bi ọ́, ará ojúlé kejì á bi ọ́, ẹni tó ń lọ sóko á dúró lójú ọ̀nà: ṣé o jí, ṣé ara le, àwọn ọmọ ńkọ́? O lè máa bá ẹlòmíràn yan odì níbẹ̀, tó bá di àárọ̀ wàá dá a lóhùn. Ní Bàrígà, mo jí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Rísì ọmọ mi, mo ń dúró. Àwọn èèyàn ń kọjá, garawa omi lọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ọmọkùnrin kan dá ẹsẹ̀ mi kọjá bí ẹni tó dá ẹ̀ka igi kọjá.

Nígbà tí Rísì dé nírọ̀lẹ́, mo bi í pé, “Ṣé àwọn ará ilé yín ń bá yín jà ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màámi, wọn ò bá wa jà o. Wọ́n ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ni.”

Ìwẹ̀ ọmọ ni mo bá lọ. Rísì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Táófíkì nígbà náà, Hàlímà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, sì ti ń lọ síléèwé. Mo ní bí ọrùn ọmọ bá ti le, mo ń padà lọ nù-un. Ọkọ mi ti kú, àmọ́ ilé mi wà, adìyẹ mi wà, ẹ̀gbọ́n mi wà.

Ilẹ̀ Bàrígà níbi tí a wà kì í ṣe ilẹ̀. Pàǹtí ni wọ́n fi dí omi, wọ́n da yanrìn lé e, wọ́n kọ́lé sórí rẹ̀. Òkúta ni ilẹ̀ ibi tí mo ti wá. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ lé e, ó máa ń dá ọ lóhùn. Ti Bàrígà ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ikùn ẹni tó ń sùn. Gọ́tà ńlá kan la iwájú ilé kọjá, pákó ni wọ́n tẹ́ lé e. Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kan, mo kó aṣọ ọmọ, mo fẹ́ lọ sá a lódìkejì níbi tí oòrùn wà. Ọ̀rá ẹja ti ta sí pákó náà, n kò rí i. N kò mọ ìgbà tí mo ṣubú. Egungun itan mi ni mo gbọ́. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ fún ìdáná.

Wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn ní Ìgbóbì. Wọ́n tọ́jú mi, n kò ní í purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n to egungun, wọ́n fi irin há a. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn, òun ló fún mi ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí èèyàn ń tì síwájú.

“Màmá,” ó ní, “egungun ti ṣe tiẹ̀. Ó ku tiyín. Bí ẹ ò bá rìn, ẹ ò ní í rìn mọ́ o.”

Wọ́n gbé mi padà sí Bàrígà. Mo kọjú sí ògiri.

Iṣẹ́ ìwé dídì ni Rísì ń ṣe ní Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ó ń ká bébà, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń gún un pọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù, kì í pẹ́ nílé. Láàárọ̀, Rísì á gbé oúnjẹ àti póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á pọn Táófíkì, á mú Hàlímà lọ́wọ́, á fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ó di ìrọ̀lẹ́. Èmi àti ògiri á kù. Ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi kùn ún, ó ti ń bó. Mo mọ gbogbo ibi tó ti bó.

Láti kékeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fọ́ èmì, mo fi ṣe òrí, mo ru ẹrù oko tí ọkùnrin ń sá fún. Bí mo bá rí ẹni tó dùbúlẹ̀ lójú ọ̀sán, mo máa ń yínmú sí i. Èmi náà wá di ẹni ìdùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, n kò bínú sí i mọ́, ìyẹn ló burú jù. Oúnjẹ kò wù mí. Hàlímà á bá ìyá rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, á ní, “Ìyá, ẹ ò jẹun,” èmi á ní ebi kò pa mí. Mo ń dúró de ikú bí ẹni tó dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì. Bó bá ti dé, mo ṣetán.

Obìnrin Ìlàjẹ kan wà tí à ń pè ní Ìyá Ẹ̀bùn, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa lódìkejì gọ́tà. Ẹja ló ń yan. Ọkọ rẹ̀ bá ọ̀sà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò padà, kò sì sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Òun nìkan ló máa ń yọjú sí mi. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó wọ kóòtù, tó ń pariwo pé bí èèyàn bá jí, kó dúró síwájú dígí, kó sọ fún ara rẹ̀ pé, Mo lè ṣe é.

“Ìyá, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń mú orí èèyàn yá.”

“Ṣé itan rẹ̀ ti ṣẹ́ rí?”

“Ẹ̀yin náà! Ẹ ṣáà wo dígí, jàre.” Ó ti mú dígí Rísì sọ̀kalẹ̀ lára ìṣó. “Kí lẹ rí?”

“Ìyá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ ń tán lọ. Kò jọ ẹni tó lè ṣe nǹkan kan.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. “Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, ẹnu ò ṣẹ́!”

N kò fi ọkùnrin náà ṣẹ̀sín o. Bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Àmọ́ bí èmi bá sọ fún dígí pé mo lè ṣe é, ta ni yóò dá mi lóhùn? Ní ilé wa, èèyàn kì í dá jí. Ẹlòmíràn ló ń jí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a tẹ fóònù. Mo ṣì ń rá nígbà tí ìyá wa kú. Òun náà kò tíì gbó, ó sì gbé mi pọ̀n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀nà odò.

“Àdùkẹ́!”

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun nìkan ló kù láyé tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ní Bàrígà, èmi ni Ìyá, èmi ni Màmá, èmi ni Gíráńmà, àwọn ọmọ ìta sì ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀. Bí mo bá gbọ́ Àdùkẹ́, bí ẹni pé wọ́n tan iná sí yàrá tí mo ti gbàgbé pé mo ní.

“Àdùkẹ́, ṣé o ti ń rìn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ kọ̀.”

“Ẹsẹ̀ ta ni? Ẹsẹ̀ tí mo fi òrí ra, tí mo nà, tí mo ká? Ẹsẹ̀ kọ́ ló kọ̀. Ìwọ lo kọ̀.”

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

“Tèmi ṣì kù lọ́rùn rẹ o,” ó ní. “Àbí o ti gbàgbé?”

N kò gbàgbé. Láyé tiwa, ọmọge tó ń lọ sílé ọkọ kì í fi ẹnu lásán dágbére, ẹkún ìyàwó ló máa ń sun. Á dúró níwájú bàbá rẹ̀, á sun ti bàbá. Á dúró níwájú ìyá, á sun ti ìyá. Olúkúlùkù ló ní tiẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sun ún fún á fọwọ́ lé ìyàwó lórí, á wúre fún un, ìyàwó á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tèmi, mo sun ti bàbá mi, mo sun ti àwọn ìyàwó bàbá mi. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi, a wá a tì. Ó ti sá lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ọwọ́ di etí. Ó ní bí òun bá gbọ́ ọ, òun kò ní í jẹ́ kí n lọ. Báyìí ni mo ṣe wọ ilé ọkọ láìsun tiẹ̀, láìgba ìre rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, nígbàkigbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi, tí ọmọ bá kú, tí oko bá jóná, inú mi á sọ pé ìre kan ló kù tí n kò gbà.

“Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó kú,” ó ní. “Wá sun ún fún mi ní Iléyá.”

“Ẹ jẹ́ n sun ún báyìí lórí fóònù.”

“Rárá o! Ta ló ń sun ẹkún ìyàwó ní ìdùbúlẹ̀? Òòró ni wọ́n ń dúró sun ún. Dìde.”

Lọ́jọ́ kejì, kí Rísì tó lọ, mo ní kó gbé irin náà sún mọ́ mi. Ó gbé e wá. Mo gbọ́ tó ń fọn ikun nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọbìnrin Ìgbóbì ti ní kí n máa ka ọ̀kan, kí n máa ka èjì. Mo kà á. Ìrora náà gba kíkà mọ́ mi lẹ́nu. Kí ni ọ̀kan fẹ́ sọ fún itan? Ni mo bá fi ti bàbá mi bọ ẹnu:

Bàbá mi, mo dúró níwájú yín o,
Mo dúró, n kò jókòó.
Ẹsẹ̀ kan ń bẹ nílé, ọ̀kan ti kọjá àgbàlá,
Ẹ bá mi bẹ èyí tó kù kó tẹ̀ lé e.

Níbi tí ohùn bá ti lọ sókè, mo ti irin síwájú. Níbi tó bá ti wálẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Omi ń bọ́ lójú mi, n kò pa ohùn mọ́ra, nítorí a kì í sun ún wúyẹ́wúyẹ́. N kò tíì dé àárín yàrá tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbàù. Ìyá Ẹ̀bùn ni, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́, eérú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ta ló kú? Ìyá, ta ló kú? Ṣé Rísì ni?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Kí lẹ wá ń sunkún sí?”

“Ẹkún ìyàwó ni mo ń sun.”

Wọ́n wo ara wọn lójú.

“Ìyàwó wo?”

“Èmi.”

Ìyá Ẹ̀bùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú kan náà. “Ẹ fẹ́ pa mí! Ẹja mi ń jóná lọ́hùn-ún, mo ti ń wá ẹni tó máa sáré lọ pe Rísì ní Ṣómólú. Ìgbéyàwó lẹ ń ṣe! Ọkọ dà?”

“Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ìyá Ẹ̀bùn sọ fún mi pé ní ilé tiwọn létí òkun, bí obìnrin bá gbé ohùn sókè báyẹn, òkú ló wà nílẹ̀ nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un bí tiwa ṣe rí, ti ọwọ́ tí wọ́n ń gbé léni lórí, ti ìre. Ó ní àwa ará òkè, a ò mọ ìyàtọ̀ ayọ̀ àti ọ̀fọ̀. Mo ní bóyá kò sí ìyàtọ̀ ńlá, èèyàn ẹni ni wọ́n ń gbé lọ nínú méjèèjì. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Ìyàwó. Bí mo bá ti gbóhùn, wọ́n á máa ké láti òdìkejì: “Ẹ kú ìnáwó o! Ìyàwó ti jáde!” Mo ń rìn. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara mi dé ilé ìtọ̀, mo jókòó síbẹ̀, mo ní kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn lọ, n kò ní í jáde. Kò síbi tó rùn tó ibẹ̀ ní gbogbo Bàrígà. Lọ́jọ́ náà, ààfin ni lójú mi.

Mo sun ti bàbá, mo sun ti àwọn ìyàwó bàbá, mo sun ti ẹgbẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni n kò jẹ́ kó kọjá ètè mi. Mo ń pa á mọ́ de Iléyá.

Mo máa ń rò ó bí mo bá jókòó sinmi. Ẹni tó ń kúrò nílé ni wọ́n dá ẹkún ìyàwó sílẹ̀ fún, èmi wá ń fi í wá ọ̀nà ilé. Nígbà tí mo lọ́kọ, wọ́n ní ilé ọkọ ni ilé mi. Nígbà tí ọkọ kú, wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọmọ ni ilé mi. Gbogbo ibi tí mo dé, wọ́n ní kí n tún sún síwájú. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lé mi kúrò rí ni ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ fúnra mi.

Àwọn Jímọ̀ kan wá dé, ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. “Wọ́n ń sùn, Ìyá.” Jímọ̀ mìíràn, “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.” Mo ní kó gbé e sí wọn létí. Mo gbọ́ èémí, ó ń wọ́ bí ẹsẹ̀ tèmi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń jáde dé ẹnu ọ̀nà.”

Mo rò pé fóònù ti kú.

“Òòró?”

“Òòró ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ó dáa,” ó ní. Ìyẹn ló bá mi sọ gbẹ̀yìn.

Iléyá kò jìnnà mọ́. Rísì ti ń wá ọkọ̀ tí mo lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ku pákó ẹnu gọ́tà nìkan, èyí tí n kò tíì gun láti ọjọ́ tí mo ṣubú. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo ń padà sẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kì í ṣe Jímọ̀, fóònù ké.

“Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ìyá mi ti lọ. Wọ́n lọ láàárọ̀. A ti sin wọ́n.”

Bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe nìyẹn, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. N kò lè bínú sí i. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ké.

“Ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ o!” Ohùn Ìyá Ẹ̀bùn ni, láti òdìkejì. “Ẹ kú ìnáwó o!”

“Tòní le o,” ẹlòmíràn ní. “Ó jọ pé ọkọ ti dé!”

Mo tún ké. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo jókòó, mo ń wo ilẹ̀kùn. Ní ilé, yàrá á ti kún. Ẹnìkan á ti di ọwọ́ mi mú, ẹnìkan á ti máa bu omi. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó wá yé mi pé bí mo bá dúró kí wọ́n wá, ìrọ̀lẹ́ ni Rísì yóò bá mi níbẹ̀, èmi àti ògiri. Mo sì fẹ́ kí ẹnìkan gbọ́. Kì í ṣe pé ara mi yá, kì í ṣe pé mo gbà pé mo lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi kú, kò sì sẹ́nì kan ní gbogbo ìlú yìí tó mọ̀. Mo dìde.

Mo di ògiri mú, mo di ilẹ̀kùn mú, mo di ọ̀pá tí wọ́n ń sá aṣọ sí mú. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun dídìmú mọ́. Pákó ló kù, ọ̀rá ẹja ń dán lórí rẹ̀ bíi tàná. Mo dúró. Ohun tí mo pa mọ́ já jáde fúnra rẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde wá, ẹ má sá fún mi,
Ẹ̀yìn yín ni mo fi mọ odò, mo fi mọ oko.
Ọjọ́ tí ìyá kú, ẹ̀yìn yín kò kú.
Mo ń lọ síbi tí n kò mọ̀,
Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá yọ̀, ẹ̀yìn ta ni n ó gùn?
Ẹ fọwọ́ lé mi lórí kí n tó rékọjá,
Ẹni tí a kò wúre fún, ojú ọ̀nà níí sùn.

Nígbà tí mo sun ún tán, mo ti wà lódìkejì.

Ìyá Ẹ̀bùn dúró síwájú ààrò, ẹ̀mú lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ẹ̀yìn mi.

“Ìyá, irin yín dà?”

Ìgbà náà ni mo rántí pé irin wà. “Ẹ̀gbọ́n mi kú,” mo ní.

Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Yéè! Àwa sì ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́!” Ó fà mí jókòó sórí àpótí ẹja, ó dì mí mú. Ẹja ń jóná, ẹnikẹ́ni kò yí i.

“Èyí tẹ́ ẹ sun kọjá yẹn, n kò gbọ́ ọ rí.”

“Ti ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ṣé wọ́n gbọ́ ọ?”

“Rárá.”

Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí. Ọmọ tí mo lè bí ni. Ní ilé wa, àgbà ló ń gbọ́wọ́ lé ọmọdé lórí, ọmọdé kì í gbé tiẹ̀ lé àgbà. Kò mọ̀. N kò sọ fún un.

“Kí ni wọ́n máa ń sọ?” ó bi mí.

“Ohunkóhun tó bá dáa.”

Ó ronú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó ń run èéfín àti ẹja.

“Ẹ ò ní í ṣubú mọ́,” ó ní.

Mo ní, “Àmín.”

N kò tíì lọ sílé. Iléyá dé, ó kọjá. Ta ni mo fẹ́ lọ dúró níwájú rẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àdùkẹ́ mọ́, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún pè mí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń gun pákó náà lọ sídìí ààrò, mo ń bá Ìyá Ẹ̀bùn yí ẹja. Èéfín ibẹ̀ dáa, ojú gbogbo wa ló ń ṣomi, ẹnìkan kì í bi ẹnìkejì léèrè. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìmóríyá, kó lọ bá ọkùnrin inú fóònù. Èmi kò ní in.

Ohun tí mo ní nìyí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, Ìyá Ẹ̀bùn á mú igi ìdáná, á gbá páànù òrùlé rẹ̀: “Ìyàwó! Ṣé ẹ jí?” Àwọn àárọ̀ kan wà tí ògiri búlúù yẹn ń pè mí, tí n kò fẹ́ dáhùn. Bí mo bá dákẹ́, á tún gbá a, Táófíkì á jí, á bú sẹ́kún, gbogbo ilé á máa kùn. Nítorí náà, mo ń dìde jókòó, mo ń dá a lóhùn pé mo jí. Èmi náà á wá bi í pé òun ńkọ́, ṣé òun jí? Ọkọ rẹ̀ wà nínú omi, kò sì sẹ́lòmíràn tó ń bi í.